Kì í ṣe ọṣẹ ni wọ́n fi kùn wọ́n: òkú Íjíbítì àti ẹrù tí wọ́n dì fún un

Nígbà tí mo wà ní Sunday school, ẹsẹ kan wà ní ìparí ìwé Jẹ́nẹ́sísì tó máa ń rú mi lójú. Jékọ́bù kú sí Íjíbítì, Jósẹ́fù ọmọ rẹ̀ sì ní kí àwọn oníṣègùn kùn ún lọ́ṣẹ. Ọjọ́ 40 gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Èmi a máa rò ó pé irú ìwẹ̀ wo ni wọ́n ń wẹ òkú fún ọjọ́ 40. Ṣé ọṣẹ dúdú ni àbí ọṣẹ funfun? Mo bi olùkọ́ wa, òun náà kò mọ̀. Ó ní ká ṣí orí tó kàn. Orí tó kàn ò sì sí mọ́, Jẹ́nẹ́sísì ti parí síbẹ̀.

Ọṣẹ kankan kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì bá iṣẹ́ kan pàdé tí èdè wa kò ní orúkọ fún, wọ́n wá mú ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń ṣe fún irú òkú bẹ́ẹ̀ gan-an, nílùú London ni mo ti wá fojú ara mi rí i, ní British Museum, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní yàrá 62 àti 63. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé, nítorí náà èrò máa ń gba ibẹ̀ bí ọjà ọjọ́ ọdún, pàápàá tí àwọn ọmọ iléèwé bá wà ní họlidé. Mo mú ọmọ àbúrò mi dání, ọmọ ọdún 8. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára gíláàsì, ó yíjú sí mi, ó ní: "Àǹtí, mọ́mì ta nìyí?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ìbéèrè gidi ni ọmọ náà bi mí. Orúkọ tí òyìnbó ń pe òkú yẹn, mummy, Lárúbáwá ló ni ín: mumiya, ìyẹn ọ̀dà dúdú tó máa ń sun jáde látinú àpáta. Oje igi tí àwọn ará Íjíbítì dà sí òkú wọn lára ti dúdú kirikiri nígbà tó pẹ́, àwọn tó wá rí i lẹ́yìn náà rò pé ọ̀dà ni, bí orúkọ ọ̀dà ṣe di orúkọ òkú nìyẹn. Àṣìṣe náà kò mọ síbẹ̀. Oògùn ni wọ́n ka ọ̀dà ọ̀hún sí, nítorí náà àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ òkú Íjíbítì kúnná, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, aláìsàn ń pò ó mu. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi ṣe é. Àwọn kan náà ló wá délẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń wá ajẹ̀nìyàn kiri.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ọṣẹ tí kì í ṣe ọṣẹ. Ẹ ṣáà mọ kán-ún, èyí tí à ń jù sínú ewédú kó lè yọ̀ dáadáa, tí à ń fi sẹ́wà kó lè tètè rọ̀. Ọmọ ìyá kán-ún ni ohun tí wọ́n lò. Àfonífojì kan wà lápá ìwọ̀ oòrùn odò Náílì, Wadi Natrun ni orúkọ rẹ̀. Adágún omi wà níbẹ̀ tí oòrùn máa ń fà gbẹ, iyọ̀ funfun á sì kù sílẹ̀ gbagidi, bí wọ́n ṣe ń wa kán-ún létí adágún Chad gan-an. Iyọ̀ yẹn kì í fi omi sílẹ̀. Ibi tó bá ti rí omi, yóò fà á.

Wọ́n á kọ́kọ́ wẹ òkú náà. Wọ́n á fi abẹ là á ní ẹ̀gbẹ́ òsì, ihò náà ò ní ju kí ọwọ́ kan ráyè wọlé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró, àpòlúkù àti ìfun jáde. Ẹnìkan á ki ìkọ́ bọ òkú nímú, á fi fa ọpọlọ jáde díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì dà á nù bí ẹni da omi àwẹ̀nù. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á wá kó kán-ún gbígbẹ sí i nínú, wọ́n á tún fi bò ó mọ́lẹ̀ lóde, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ 40. Nígbà tí wọ́n bá máa hú u jáde, omi ara rẹ̀ ti tán pátápátá, ó ti fúyẹ́, ó ti gan bíi pańla. Ẹ má bínú sí àfiwé mi, iṣẹ́ kan náà ni: ohun tí kò bá ní omi lára kì í rà. Oje igi àti òróró ló kàn, lẹ́yìn náà aṣọ ọ̀gbọ̀ tí wọ́n fà ya ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á máa wé e ní ìka kọ̀ọ̀kan, ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa ki oǹdè sáàárín aṣọ bí wọ́n ṣe ń wé e lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ 70. Jẹ́nẹ́sísì tí kò yé mi nígbà yẹn sì ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: ọjọ́ 40 fún kíkùn, ọjọ́ 70 tí àwọn ará Íjíbítì fi ṣọ̀fọ̀.

Kì í sì í ṣe gbogbo èèyàn ló rí owó rẹ̀ san o. Ará Gíríìsì kan tó ń jẹ́ Herodotus, tó gbáyé ní ọ̀rúndún karùn-ún kí a tó bí Kristi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé oríṣi iye mẹ́ta ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà máa ń sọ fún ẹbí òkú: ti olówó, ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gùn, àti ti mẹ̀kúnnù. Ti mẹ̀kúnnù, wọ́n á kàn fọ inú rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sínú kán-ún, ó parí. Àwọn tó pọ̀ jù lọ nílùú kò tilẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn rárá. Inú iyanrìn ni wọ́n sin wọ́n sí, pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò kan tàbí méjì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn ṣọ́ra tó bá dé mùsíọ́ọ̀mù: àwọn olówó ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń rí níbẹ̀.

Iyanrìn yẹn sì ni ọgbọ́n náà ti bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ṣe gbà. Ẹ rìn lọ sí yàrá 64. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọmọ tó ń sùn, eékún rẹ̀ kan àyà. Abúlé tí wọ́n ń pè ní Gebelein ni wọ́n ti hú u. Ó ti tó nǹkan bí ọdún 5,500 tó ti kú, ìyẹn ṣáájú Fáráò àkọ́kọ́. Ẹnikẹ́ni kò fa ìfun rẹ̀ yọ. Iyanrìn gbígbóná aṣálẹ̀ ló dá fa omi ara rẹ̀ tán, tí awọ àti irun rẹ̀ fi wà títí di òní. Ní 2012, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń yàwòrán inú ara yẹ̀ ẹ́ wò: ọmọ nǹkan bí ọdún 18 sí 21 ni, wọ́n sì gún un lọ́bẹ láti ẹ̀yìn, nítòsí pálábá èjìká òsì. Ní 2018, wọ́n tún rí i pé ó fín ara: akọ màlúù ìgbẹ́ kan àti ẹranko oníwo kan wà ní apá rẹ̀. Mo pẹ́ níwájú ọmọkùnrin yìí ju iwájú gbogbo pósí oníwúrà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n gún lẹ́yìn, tó fín àwòrán màlúù sápá.

Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ pósí, wọ́n fẹ́ ibojì tí wọ́n fi bíríkì mọ. Iyanrìn kò kan ara òkú mọ́, òkú wá bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Wọ́n níláti fi ọwọ́ ṣe ohun tí aṣálẹ̀ ń bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló wá dé tí òkú kò gbọdọ̀ rà? Ibí yìí gan-an ni àìgbọ́yé ti pọ̀ jù. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ará Íjíbítì fẹ́ràn ikú. Irọ́ ni. Ayé ni wọ́n fẹ́ràn, ọtí, búrẹ́dì, odò, òórùn dáadáa, wọn ò sì fẹ́ kó tán. Gbogbo ohun tó wà nínú gíláàsì wọ̀nyẹn, ẹrù ìrìn-àjò ni. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé èèyàn kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan ṣoṣo. Ó ní *ka*, agbára tó mú kó wà láàyè. Ka a máa jẹ, a máa mu, ebi sì lè pa á. Ó ní *ba*, tí wọ́n máa ń yà bí ẹyẹ tó ní orí èèyàn. Ba a máa fò jáde kúrò nínú ibojì lọ́sàn-án, lọ máa gba atẹ́gùn kiri, ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá ti ṣú, ó gbọ́dọ̀ padà wálé wá bá òkú. Bí òkú bá ti rà, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ṣeé dá mọ̀ mọ́, ilé ti wó nìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń ya ojú sára pósí, tí wọ́n fi ń fi ìbòjú oníwúrà bo òkú, kò ju èyí lọ. Òjìji rẹ̀ wà níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ògiri, wọ́n ti pa á lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn ìkòkò mẹ́rin tó ní orí, tí ọmọ àbúrò mi rò pé ìkòkò ọbẹ̀ ni, ẹrù inú ni wọ́n wà fún. Ọmọ òrìṣà Horus mẹ́rin ló ń ṣọ́ wọn: Imsety tó ní orí èèyàn ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀, Hapy tó ní orí ọ̀bọ ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀fóró, Duamutef olórí ajáko ń ṣọ́ àpòlúkù, Qebehsenuef olórí àṣá ń ṣọ́ ìfun.

Ọpọlọ kò ní ìkòkò. Ọkàn náà kò ní, àmọ́ ìdí tirẹ̀ yàtọ̀: wọn kì í sábà yọ ọ́, inú àyà ni wọ́n máa ń fẹ́ fi í sí. Ẹni tó bá ń sọ èdè òyìnbó ni èyí máa ń yà lẹ́nu, kò yẹ kó ya Yorùbá lẹ́nu. Àwa náà ń sọ pé "ọkàn mi sọ fún mi", "ó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́", "ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀". Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a fi ń pe ẹran tó ń lù kìkì láyà àti ibi tí èèyàn ti ń ronú. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwọn, *ib* ni wọ́n ń pè é. Ìrántí wà níbẹ̀, ọgbọ́n wà níbẹ̀, gbogbo ohun téèyàn ṣe láyé wà níbẹ̀ ní àkọsílẹ̀. (Ẹni tó bá ti ń retí pé mo fẹ́ sọ pé láti Íjíbítì ni a ti ṣẹ̀ wá, kó fara balẹ̀. Kí nǹkan lè yé wa ni mo ṣe mú kán-ún àti ọkàn wọ̀ ọ́.)

Níwọ̀n bí gbogbo rẹ̀ ti wà lákọsílẹ̀ nínú ọkàn, ọkàn ni wọ́n máa gbé sórí òṣùwọ̀n. Àwòrán ìdájọ́ tó gbajúmọ̀ jù wà lára ìwé Hunefer, òṣìṣẹ́ ọba Seti Kìíní, nǹkan bí ọdún 1275 kí a tó bí Kristi. Ìmọ́lẹ̀ a máa pa àwọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀, nítorí náà kì í sábà wà níta. Hunefer ló wà lápá òsì, ó wọ aṣọ funfun gbọọrọ. Òrìṣà Anubis, tó ní orí ajáko, fà á lọ́wọ́ dé ìdí òṣùwọ̀n. Ọkàn Hunefer wà nínú abọ́ kan, ìyẹ́ ẹyẹ ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú abọ́ kejì. Ìyẹ́ yẹn ni Maat, ìyẹn òtítọ́ àti ìgbé ayé tó gún régé. Thoth, tí orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹyẹ ẹlẹ́nu gígùn, dúró pẹ̀lú gègé ìkọ̀wé, ó ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ òṣùwọ̀n, Ammit jókòó, orí rẹ̀ ti ọ̀nì, àyà rẹ̀ ti kìnnìún, ìdí rẹ̀ ti erinmi. Bí ọkàn bá wúwo ju ìyẹ́ lọ, Ammit á gbé e mì. Kò sí ọ̀run àpáàdì kankan tí wọ́n máa jù ọ́ sí. Ìwọ ni kò ní sí mọ́. Bí òṣùwọ̀n bá dọ́gba, Horus á mú ọ wọlé sọ́dọ̀ Osiris, ọba àwọn òkú, tí òun fúnra rẹ̀ ti kú rí: Seth àbúrò rẹ̀ ló pa á, Isis aya rẹ̀ sì mú kó tún jí.

Ìdájọ́ náà ní ojú rúrú tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi jù. Òkú á dúró níwájú òrìṣà 42, á máa sọ ohun tí kò ṣe: n kò jalè, n kò pààyàn, n kò yí òṣùwọ̀n po. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá dìde ńkọ́, tó ní irọ́ lò ń pa? Wọ́n ti ro ìyẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n á gbẹ́ òkúta ní ìrísí yímíyímí, kòkòrò tó ń yí ìgbẹ́ kiri, nítorí pé bó ṣe ń yí i ni oòrùn ṣe ń yí lójú ọ̀run lójú tiwọn. Wọ́n á fín ọfọ̀ sí ikùn rẹ̀, wọ́n á gbé e lé òkú láyà. Ọfọ̀ náà ń bẹ ọkàn pé kó má dìde ṣe ẹlẹ́rìí lòdì sí ẹni tó ni ín. Ẹ ò rí i báyìí? Ìdájọ́ òdodo wà, lọ́yà náà sì wà.

Irú ọfọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó jọ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní Ìwé Òkú. Mo ti gbọ́ kí wọ́n pè é ní ìwé ẹgbẹ́ òkùnkùn nínú ìwàásù. Ọmọ Jámánì kan, Karl Richard Lepsius, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn ní 1842. Orúkọ tí àwọn tó ni ín ń pè é ni ọfọ̀ jíjáde síta lójúmọmọ. Kì í tilẹ̀ ṣe ìwé kan ṣoṣo. Oníkálukú ló ń ra iye ọfọ̀ tí owó rẹ̀ ká. Ti akọ̀wé kan tó ń jẹ́ Ani gùn tó mítà 24. Ó hàn lára rẹ̀ pé wọ́n ti kọ apá kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n fi àyè orúkọ sílẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ Ani dí i nígbà tó rà á, bí fọ́ọ̀mù tí à ń kún. E. A. Wallis Budge ló rà á fún British Museum ní 1888, ó sì gé e sí ọ̀nà 37.

Àwọn ọmọlangidi kéékèèké tó kún inú gíláàsì kan ló pa ọmọ àbúrò mi lẹ́rìn-ín jù, àwọ̀ búlúù tó ń dán ló wà lára púpọ̀ nínú wọn. *Shabti* ni wọ́n ń jẹ́. Ọ̀run àwọn ará Íjíbítì ní oko, oko ọkà tó dára gan-an, àmọ́ oko ni, èèyàn gbọ́dọ̀ ro ó. Nílé ayé, ọba a máa kó àwọn èèyàn lọ síṣẹ́ ọ̀ranyàn, láti wa ipadò àti láti ru iyanrìn. Wọ́n gbà pé irú rẹ̀ wà lọ́hùn-ún. Ọlọ́lá tí kò di ọkọ́ mú rí láyé kò fẹ́ lọ dì í mú lọ́run. Shabti ló máa bá a lọ. Ọfọ̀ tí wọ́n kọ sí i lára sọ fún un pé bí wọ́n bá pe ọ̀gá rẹ̀ síṣẹ́, kó dáhùn pé "Èmi nìyí". Nígbà tó yá, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ tó o á ní 401: lébírà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú ọdún, àti gáfà 36 tó mú pàṣán lọ́wọ́, ẹnì kan lórí mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọba kan tó ń jẹ́ Tutankhamun ní 413.

Bí mo ti dárúkọ Tutankhamun yìí, mo mọ̀ pé ẹnìkan máa béèrè èpè. Oṣù Kọkànlá 1922 ni Howard Carter rí ibojì rẹ̀. Lord Carnarvon, tó ń náwó sí iṣẹ́ náà, kú ní oṣù Kẹrin 1923: ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó fi abẹ ìfárùngbọ̀n gé ojú ibẹ̀, egbò náà bàjẹ́, ó sì ran ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Carter tó fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ilẹ̀kùn, tó ṣí pósí, tó tú aṣọ òkú, kò kú títí di 1939. Èpè tó mú onígbọ̀wọ́, tó wá fi agbẹ́lẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún 16, ẹ jẹ́ ká sọ pé kò mọ iṣẹ́. Ibojì Tutankhamun kì í sì í ṣe pírámídì. Abẹ́ àpáta ni, ní àfonífojì kan nítòsí Luxor. Nígbà ayé rẹ̀, ọba Íjíbítì ti dẹ́kun àtimáa sin ara wọn sí abẹ́ pírámídì ńláńlá, ó ti lé ní ọdún 1,000 tí wọ́n ti mọ èyí tó tóbi jù ní Giza. Pírámídì ń pe olè. Àwọn olè ìgbà náà, ọmọ Íjíbítì ni wọ́n: ìwé ìwádìí kan wà ní British Museum yìí kan náà, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1110 kí a tó bí Kristi, tó ń ka ibojì ọba tí wọ́n yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti mọ̀ bóyá olè ti fọ́ ọ.

Àwọn tó wá lẹ́yìn tún ṣe ju olè lọ. Ní 1890, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó òkú ológbò láti Íjíbítì lọ sí Liverpool, tí wọ́n ti gbẹ tí wọ́n sì wé láṣọ gẹ́gẹ́ bí ẹbọ fún òrìṣà. Wọ́n fojú bù ú sí 180,000. Wọ́n gbé e sọ́jà, wọ́n sì tà á fún àgbẹ̀ láti fi ṣe ajílẹ̀ oko.

Nígbà tí ìjọba Íjíbítì fúnra rẹ̀ fẹ́ kó àwọn tirẹ̀ láti mùsíọ́ọ̀mù kan sí òmíràn ní Cairo, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2021, ọba 18 àti ayaba 4 ni wọ́n gbé sínú ọkọ̀ aláwọ̀ wúrà, oníkálukú nínú ọkọ̀ tirẹ̀. Wọ́n yin ìbọn nígbà 21, Ààrẹ ilẹ̀ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà láti pàdé wọn. Mo wò ó lórí fóònù mi. Bí wọ́n ṣe ń pàdé bàbá arúgbó tó ti ìrìn-àjò dé ni wọ́n ṣe pàdé wọn.

Ohun kan ṣì ń dùn mí ní London. Òkú Íjíbítì wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bí o bá fẹ́ rí Áfíríkà, wọ́n á ní kó o sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá 25, nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ibẹ̀ ni yàrá tí wọ́n yàn fún orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Àfi bíi pé odò Náílì kò ti Áfíríkà ṣàn wá.

Ká tó kúrò, ọmọ náà fà mí padà sọ́dọ̀ òkú obìnrin kan. Katebet ni orúkọ rẹ̀, akọrin òrìṣà Amun ní Thebes, nǹkan bí ọdún 1300 kí a tó bí Kristi. Ìbòjú tí wọ́n fi wúrà lé wà lójú rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé àwọn èèyàn ìgbà yẹn máa ń kọ ẹ̀bẹ̀ sára ibojì wọn fún ẹni tó bá ń kọjá: ìwọ tó wà láàyè, bí o kò bá tiẹ̀ ní nǹkan lọ́wọ́, ṣáà fi ẹnu sọ ọ́, ẹgbẹ̀rún búrẹ́dì, ẹgbẹ̀rún ọtí, màlúù àti ẹyẹ, fún ka lágbájá. Pé èémí ẹnu lásán ni, kò ná ọ ní nǹkan kan.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹ̀ṣọ́ ń wò wá. Ó wá fi ẹnu kan gíláàsì. "Mọ́mì Katebet," ó ní, "ẹgbẹ̀rún búrẹ́dì." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Àǹtí, ṣé kí n fi ọtí náà kún un?"

Mo ní kó fi kún un.